Orí Kẹrin: Ìgbé Ayé Àwọn Òṣìṣẹ́ Tálákà ní London Láyé Ọbabìnrin Victoria

4.1 Ìfáárà

Ọbabìnrin Victoria jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1837 títí di ọdún 1901, àsìkò gígùn yìí ni àwọn onítàn sì ń pè ní sáà Victoria. Ní sáà náà, ọkọ̀ ojú irin, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ àti ọkọ̀ ojú omi sọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn orílẹ̀-èdè tó lọ́rọ̀ jù lọ lágbàáyé. Síbẹ̀, ní London tó jẹ́ olú-ìlú ọrọ̀ yìí gan-an, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló wà tí wọn kì í mọ̀ ní òwúrọ̀ bóyá àwọn yóò rí nǹkan jẹ lálẹ́. Ètò ìkànìyàn ọdún 1851 fi hàn pé, fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn ará Britain tó ń gbé ní ìlú ti pọ̀ ju àwọn tó ń gbé ní ìgbèríko lọ, èyí tó túmọ̀ sí pé òṣì ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn díẹ̀ mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ohun tí orí yìí fẹ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló sọ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí di òtòṣì. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe láti ìdájí títí di òru. Ohun tí wọn kò ní ni iṣẹ́ tó dúró, àti owó tó tó gbọ́ bùkátà. Àwọn aláṣẹ ìgbà náà gbà pé ẹni tó bá tẹpá mọ́ṣẹ́ kò lè tòṣì, orí èrò yìí ni wọ́n sì gbé òfin wọn kà. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún, ìwádìí tó jinlẹ̀ àti ìyanṣẹ́lódì kí ó tó hàn sí gbogbo ayé pé èrò náà kò tọ̀nà.

Kí iye owó tí orí yìí mẹ́nu bà lè yé òǹkàwé, ó yẹ kí a mọ̀ pé kọ́bọ̀ méjìlá ló ń jẹ́ ṣílè kan nígbà náà, ogún ṣílè sì ń jẹ́ pọ́n-ùn kan. Tọ́rọ́ jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́ta, sísì sì jẹ́ kọ́bọ̀ mẹ́fà.

4.2 Ìdí tí iṣẹ́ kò fi dúró

Ní ọdún 1851, iye àwọn ará London ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Nígbà tí ọbabìnrin náà fi máa wàjà ní ọdún 1901, London àti àgbègbè rẹ̀ ti ní ju mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn lọ. Àwọn kan wá láti ìgbèríko nítorí pé iṣẹ́ oko kò mówó wọlé mọ́. Àwọn mìíràn sá wá láti Ireland, níbi tí àrùn ti ba ọ̀dùnkún òyìnbó jẹ́ láti ọdún 1845, tí ìyàn ńlá sì tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ọdún 1881, àwọn Júù tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí ní Rọ́ṣíà náà dé sí Whitechapel ní ìlà-oòrùn London, níbi tí ọ̀pọ̀ wọn ti di aránṣọ.

London yàtọ̀ sí Manchester, ìlú òwú, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́. Èbúté, ìkọ́lé, aṣọ rírán àti àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ni London fi ń jẹun, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wọ̀nyí sì ń lọ pẹ̀lú ìgbà. Bí òtútù bá mú tí omi dì, àwọn ọ̀mọlé àti àwọn tó ń kun ilé yóò jókòó sílé láìgba kọ́bọ̀. Bí ooru bá dé, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gáàsì ìtànná yóò dá púpọ̀ nínú àwọn tó ń kó èédú sínú iná dúró, torí pé ilẹ̀ kì í tètè ṣú nígbà náà. Aránṣọ máa ń ríṣẹ́ ní ìgbà tí àwọn ọlọ́rọ̀ bá wà nílùú fún àríyá wọn, láti ìgbà ìrúwé sí ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ yóò dá. Iṣẹ́ òòjọ́ ni a ń pe irú iṣẹ́ báyìí: iṣẹ́ tí wọ́n gba ènìyàn sí fún ọjọ́ kan tàbí wákàtí mélòó kan, láìsí ìlérí kankan fún ọ̀la. Nítorí pé àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀, àwọn agbanisíṣẹ́ kò rí ìdí tí wọ́n fi ní láti san owó fún ọwọ́ tí wọn kò lò lọ́jọ́ kan.

4.3 Ẹnubodè èbúté

Kò sí ibi tí iṣẹ́ òòjọ́ ti hàn kedere tó èbúté odò Thames. Akọ̀ròyìn Henry Mayhew, tó kọ ọ̀wọ́ àròkọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ London sínú ìwé ìròyìn Morning Chronicle láti ọdún 1849, ṣàpèjúwe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà èbúté ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin yóò ti pé jọ kí ẹnubodè tó ṣí, àwọn tí aṣọ wọn ti gbó àti àwọn tí aṣọ wọn ṣì dára díẹ̀ yóò dúró pa pọ̀. Bí ọ̀gá tó ń pe orúkọ bá ti yọjú, gbogbo wọn á ya bo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á na ọwọ́ sókè, àwọn kan á gun ẹ̀yìn àwọn ẹlòmíràn kí ojú ọ̀gá lè tó wọn, wọ́n á máa pe ọ̀gá náà lórúkọ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn tí wọ́n mú á wọlé lọ. Àwọn tí wọn kò mú á dúró káàkiri àdúgbò títí di ọ̀sán, bóyá ọkọ̀ mìíràn yóò dé.

Mayhew ṣàkíyèsí pé ìṣẹ́ yìí kò mọ alákọ̀wé yàtọ̀ sí aláìmọ̀wé, nítorí pé àwọn alápatà àti oníbúrẹ́dì tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn akọ̀wé tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ jọ ń du ẹrù kan náà. Afẹ́fẹ́ pàápàá lágbára lórí oúnjẹ wọn: ní ìgbà tí ọkọ̀ onígbòkun ṣì pọ̀ lójú omi, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, ọkọ̀ kò ní lè wọlé, ebi á sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dẹ́ṣẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 1880 sí 1889, kọ́bọ̀ márùn-ún ni alábàárù èbúté ń gbà fún wákàtí kan, wọ́n sì lè dá a dúró lẹ́yìn wákàtí kan péré, kí ó sì padà sílé pẹ̀lú owó tí kò tó oúnjẹ ọjọ́ kan fún ìyàwó àti ọmọ.

Ìlú Liverpool náà ní irú àwọn alábàárù òòjọ́ wọ̀nyí, ibẹ̀ ni ìtàn yìí sì ti kan ilẹ̀ Yorùbá. Liverpool ni ọjà tó tóbi jù fún epo pupa láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, títí kan èyí tó ń gba èbúté Èkó àti Àgbádárìgì kọjá. Wọ́n ń fi epo náà ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, wọ́n sì ń fi í pa ẹ̀rọ lára kí irin rẹ̀ má baà máa jẹ ara wọn. Owó epo tí àgbẹ̀ àti obìnrin tó ń fún epo ní ìgbèríko Yorùbá ń retí, àti owó òòjọ́ alábàárù tó ń yí àgbá epo ní Liverpool, orí òwò kan náà ni méjèèjì dúró lé.

4.4 Iṣẹ́ inú yàrá kan ṣoṣo

Òfin ọdún 1847, tó dín iṣẹ́ àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ kù sí wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, wà fún àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ nìkan. Òfin náà kò wọ inú yàrá tí ìdílé ń gbé, inú yàrá bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ obìnrin London ti ń ṣiṣẹ́ jẹun. Àwọn oníṣòwò aṣọ kì í bá aránṣọ dá nǹkan pọ̀ fúnra wọn. Wọ́n á gbé iṣẹ́ fún alágbàtà kan, alágbàtà náà á tún gbé e fún ẹlòmíràn, oníkálukú á yọ èrè tirẹ̀ kí iṣẹ́ tó dé ọwọ́ obìnrin tó fẹ́ rán an. Ètò ìmúnilàágùn ni àwọn ènìyàn ìgbà náà ń pe èyí. Ẹ̀dùn rẹ̀ pọ̀ débi pé ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá yan ìgbìmọ̀ kan ní ọdún 1888 láti ṣe ìwádìí lé e lórí.

Páálí ìṣáná ṣíṣe ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Alágbàtà á kó igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìwé fún obìnrin náà. Obìnrin náà á ká igi, á fi lẹ́ẹ̀ lẹ ìwé mọ́ ọn, á ṣe ìsàlẹ̀, á ṣe ìdérí, á sì tẹ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó gbẹ lórí ilẹ̀ àti lórí ibùsùn. Páálí 144 ló gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó gba kọ́bọ̀ méjì àti ìdámẹ́rin kọ́bọ̀, nínú owó yìí kan náà ni yóò sì ti ra lẹ́ẹ̀ àti okùn tó máa fi di ẹrù. Nítorí náà, gbogbo ọwọ́ tó wà nílé gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ọmọ tó bá ti lè ká páálí ti tó ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún.

4.5 Àwọn tó ń jẹun lójú òpópónà

Àwọn tí iṣẹ́ ìgbàsíṣẹ́ kò kàn ni òpópónà gbà. Akirità pọ̀ ní London: wọ́n ń ta ẹja, èso, ewébẹ̀, òdòdó àti oúnjẹ gbígbóná lórí ọmọlanke tàbí nínú agbọ̀n. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ọmọlanke tiwọn, ṣe ni wọ́n ń yá a, wọ́n sì máa ń yá owó tí wọ́n fi ra ọjà pẹ̀lú èlé tó ga gan-an, tó fi jẹ́ pé ẹni tó yá wọn lówó ló ń jẹ èyí tó pọ̀ nínú làálàá wọn. Nínú àwọn tí Mayhew bá sọ̀rọ̀ ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan tó ń ta ewé inú omi tí wọ́n ń jẹ ní tútù. Láti ìdájí ló ti ń lọ ra ewé ní ọjà Farringdon, á dì í ní ìdì kéékèèké, á sì máa kiri nínú òtútù láti rí tọ́rọ́ tàbí kọ́bọ̀ mẹ́rin lóòjọ́. Mayhew kọ ọ́ pé ọmọ náà mọ gbogbo ìṣirò ọjà àti owó, ṣùgbọ́n kò mọ eré ọmọdé.

Àwọn mìíràn ń jẹun nínú ohun tí ìlú dànù. Àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó máa ń wọ inú ẹrẹ̀ etí odò Thames nígbà tí omi bá fà, láti ṣa èédú, ìṣó, irin àti okùn tó bọ́ láti inú ọkọ̀. Àwọn kan ń ṣa àkísà àti egungun. Àkísà ń di ìwé, egungun sì ń di ajílẹ̀. Àwọn arúgbó mìíràn ń ṣa ìgbẹ́ ajá nílẹ̀, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe awọ ní Bermondsey, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń sọ awọ di rírọ̀. Kò sí ohun tí a lè pè ní ọ̀lẹ nínú gbogbo èyí. Ẹni tó lè tẹ̀ kiri àdúgbò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ nítorí garawa ìgbẹ́ ajá kan ti fi hàn pé iṣẹ́ kò bà á lẹ́rù.

4.6 Àwọn ọmọdé àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀

Iṣẹ́ ọmọdé tó bí àwọn ènìyàn nínú jù ni ti àwọn ọmọ tó ń gun inú ihò èéfín láti fọ̀ ọ́. Ihò náà há, ó dúdú, èérí èéfín sì kún inú rẹ̀, nítorí náà ọmọ kékeré ni àwọn ọ̀gá iṣẹ́ ń wá. Òfin ọdún 1840 sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 21 kò gbọ́dọ̀ gun ihò èéfín, wọ́n sì tún òfin ṣe ní 1864, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń mójú tó o. Ìgbà tí ọmọ kan tó ń jẹ́ George Brewster kú lẹ́yìn tó há sínú ihò èéfín ilé ìwòsàn kan ní Fulbourn, nítòsí Cambridge, ni Lord Shaftesbury, tó ti ń jà fún àwọn ọmọ wọ̀nyí láti ọjọ́ pípẹ́, rí i dájú pé òfin ọdún 1875 jáde. Òfin yìí ní kí gbogbo afọhò-èéfín gba ìwé àṣẹ, kí àwọn ọlọ́pàá sì máa ṣọ́ wọn, èyí ló sì fòpin sí àṣà náà.

Òfin ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọmọdé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òfin 1870 dá àwọn ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbi tí kò bá tó, ti 1880 sọ lílọ ilé ẹ̀kọ́ di dandan, nígbà tó sì di 1891, ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ fún èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n fún òbí tí owó ọmọ rẹ̀ wà nínú owó oúnjẹ ilé, ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ àdánù kí ó tó di èrè.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìkànìyàn 1851 ka iye tó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Britain. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó bá dá nìkan wà ní ilé kan ló ń jìyà jù: òun ló ń dáná, òun ló ń kó èédú gòkè, òun ló ń fọ ìkòkò ìtọ̀, òun ló sì ń kẹ́yìn sùn. Ó ní ibùsùn, ó sì ń jẹun, èyí tí aránṣọ kò ní ní ìdánilójú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lé e láìfún un ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere, ó ṣòro kó tó rí ilé mìíràn wọ̀.

4.7 Ilé, oúnjẹ àti ìdógò

Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ kò lè gbé jìnnà sí ibi iṣẹ́, nítorí pé ẹnubodè kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn onílé mọ èyí, wọ́n sì ń gbówó lé yàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń la ojú irin àti òpópónà tuntun ń wó ilé àwọn tálákà, tí àwọn tí wọ́n lé jáde sì ń wọ́ lọ kún àdúgbò tó ti kún tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn lórí ọ̀rọ̀ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní 1884 sí 1885 gbọ́ ẹ̀rí pé, nínú àwọn tálákà London tí wọ́n yẹ̀ wò, 88 nínú 100 ló ń san ju ìdá kan nínú márùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lọ fún ilé, tí ìdílé kan sì sábà máa ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo.

Búrẹ́dì, ọ̀dùnkún òyìnbó àti tíì ni oúnjẹ wọn. Bí ẹran bá wà, baálé ilé ló ń jẹ ẹ́, torí pé òun ló fẹ́ lọ gbé ẹrù. Ìyá ló ń fi ebi sùn kí àwọn ọmọ lè jẹ. Ní Ọjọ́ Ajé, ọ̀pọ̀ obìnrin á gbé aṣọ ìmúròde lọ sí ilé ìdógò, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹrù dúró yá owó. Bí owó iṣẹ́ bá wọlé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n á lọ gbà á padà kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ ní Ọjọ́ Àìkú, èlé á sì máa gorí èlé. Omi tí wọ́n ń mu pàápàá léwu. Ní ọdún 1854, dókítà John Snow fi hàn pé omi ẹ̀rọ ọwọ́ kan ní òpópónà Broad Street, ní Soho, ló ń tan àrùn onígbáméjì kálẹ̀ ní àdúgbò náà.

4.8 Ilé aláìní

Òfin tálákà ti ọdún 1834 ni gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń bẹ̀rù. Òfin náà fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìjọba, tí ara rẹ̀ sì le, wọ ilé aláìní, ibùgbé tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò kí ìgbádùn rẹ̀ kéré sí ti òṣìṣẹ́ tó tòṣì jù lọ níta. Wọ́n ń ya ọkọ nípa sí aya, wọ́n ń ya òbí nípa sí ọmọ, àwọn tó wà níbẹ̀ ń wọ aṣọ kan náà, wọ́n sì ń fọ́ òkúta tàbí kí wọ́n máa fi ìka tú okùn ọkọ̀ tó ti gbó. Ní 1845, ó hàn sí gbangba pé, ní ilé aláìní ìlú Andover, ebi pa àwọn ènìyàn débi pé wọ́n ń jà du egungun tí wọ́n ní kí wọ́n fọ́ fún ajílẹ̀, kí wọ́n lè jẹ mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ arúgbó yàn láti kú sínú yàrá wọn ju kí wọ́n wọ ibẹ̀ lọ. Àṣìṣe òfin náà ni pé ó ń fìyà jẹ ènìyàn nítorí àìsí iṣẹ́, bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló lé iṣẹ́ lọ.

4.9 Ìyanṣẹ́lódì àti ìwádìí

Ọ̀nà méjì ni òtítọ́ nípa ohun tó ń fa òṣì gbà jáde. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn. Ní oṣù keje ọdún 1888, àwọn obìnrin àti ọmọbìnrin tó tó 1,400 ní ilé iṣẹ́ ìṣáná Bryant & May ní Bow daṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn tí akọ̀ròyìn Annie Besant ti kọ̀wé nípa ìyà wọn. Owó ìtanràn ń gé owó kékeré tí wọ́n ń gbà. Tọ́rọ́ ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dọ̀tí. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì funfun tí wọ́n fi ń ṣe ìṣáná sì ń jẹ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn kan nínú wọn títí yóò fi rà. Wọ́n borí, wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, òfin ọdún 1908 sì fòfin de fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà nínú ìṣáná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, ó kan àwọn alábàárù èbúté. Ben Tillett, Tom Mann àti John Burns ló ṣáájú wọn. Sísì kan fún wákàtí kan ni wọ́n ń bèèrè, àti pé kí wọ́n má gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́ fún iye wákàtí tó kéré ju mẹ́rin lọ. Owó ìrànwọ́ tó lé ní 30,000 pọ́n-ùn wá láti Australia, èyí ló sì jẹ́ kí wọ́n lè dúró títí di oṣù kẹsàn-án, nígbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ gbà láti san sísì náà. Títí di ìgbà náà, àwọn ènìyàn rò pé kò sí bí a ṣe lè kó òṣìṣẹ́ òòjọ́ jọ sínú ẹgbẹ́.

Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olùṣèwádìí. Charles Booth, oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí nípa London ní 1886, ó sì lo ọdún mẹ́tàdínlógún lórí rẹ̀. Ó rí i pé 30.7 nínú 100 ará London ló wà nínú òṣì. Nígbà tó yẹ ìdí òṣì àwọn tó tòṣì jù ní ìlà-oòrùn London wò, iṣẹ́ tí kò dúró tàbí owó iṣẹ́ tí kò tó ló fa ti 55 nínú 100. Àìsàn àti ọmọ púpọ̀ fa ti 27. Ọtí àti ìnákúnàá fa ti 14. 4 péré ni ti àwọn tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ rárá. Ní 1899, Seebohm Rowntree rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ìlú York, níbi tí 27.84 nínú 100 gbogbo ará ìlú ti wà nínú òṣì. Rowntree tún fi hàn pé òṣìṣẹ́ máa ń ṣubú sínú òṣì lẹ́ẹ̀mẹ́ta láyé rẹ̀: nígbà èwe, nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá wà ní kékeré, àti nígbà ogbó.

4.10 Àkótán

Iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló ń gbé London ró: àwọn ló ń tú ẹrù tó ń sọ oníṣòwò di ọlọ́rọ̀, àwọn ló ń rán aṣọ rẹ̀, àwọn ló ń dá iná ilé rẹ̀. Ìṣirò Booth àti ìyanṣẹ́lódì àwọn alábàárù fi hàn pé làálàá nìkan kì í mú ènìyàn kúrò nínú òṣì bí iṣẹ́ kò bá dúró, tí owó rẹ̀ kò sì tó. Òye yìí wà lára ohun tó bí òfin ọdún 1908, tó fún arúgbó tó ti pé 70 ọdún, tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, ní ṣílè márùn-ún lọ́sẹ̀, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ wọ ilé aláìní. Níbikíbi tí owó òòjọ́ bá ti jẹ́ ohun tí mẹ̀kúnnù gbójú lé, ìbéèrè tó yẹ kí aṣòfin kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ ń wà, àti èló ni wọ́n ń san.

Ìbéèrè ìdánrawò

1. Kí ni iṣẹ́ òòjọ́? Ṣàlàyé ìdí méjì tí ó fi pọ̀ ní London ju Manchester lọ.
2. Báwo ni ètò ìmúnilàágùn ṣe ń dín owó tó ń dé ọwọ́ aránṣọ kù?
3. Kí nìdí tí òfin 1840 àti 1864 kò fi gba àwọn ọmọ tó ń fọ ihò èéfín là, tí ti 1875 sì ṣe bẹ́ẹ̀?
4. Fi ìṣirò Charles Booth gbé èrò tó wà nídìí òfin tálákà ọdún 1834 yẹ̀ wò.
5. Ọ̀nà wo ni òwò epo pupa gbà so ìgbèríko Yorùbá pọ̀ mọ́ àwọn alábàárù Liverpool?